Ìwọ̀n Rafíátù

Yésúfù, ọmọ iṣẹ́ mi, ló wò ó lórí fóònù rẹ̀
nígbà tí iná lọ, tí ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.
Ó ní, "Bàbá, láti Kútọnu dé Mọ́ńríàlì,
bí ẹyẹ bá fò ó tààrà,
ẹgbàárin kìlómítà ni, ó lé ní irinwó.
Wákàtí mọ́kànlá."
Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka iye owó bọ́tìnì.

Mo ní kó tún un sọ.
Téèpù ń bẹ lọ́rùn mi, àádọ́jọ sẹ̀ńtímítà péré.
Ogójì ọdún ni mo ti fi ń wọn èèyàn ní Kétu,
èjìká, àyà, ìdí, ẹsẹ̀ títí dé kókósẹ̀,
n kò rí ẹni tí kò ká
àfi Bàbá Odúnlámì alápatà,
tí a ní láti so okùn mọ́ ọn kó tó yí ikùn rẹ̀ po.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.
Kẹ̀kẹ́ òwú ńlá kan, ẹgbẹ̀rún mítà.
Ẹgbàárin kẹ̀kẹ́, kí n tó fi irinwó lé e.
Bí mo bá kó gbogbo òwú tí mo ti fi ránṣọ láyé mi jọ,
kó máa tú láti ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yìí,
kó gba Ìpòbẹ́, kó gba Ìtakété, kó bọ́ sí Àjàṣẹ́,
yóò wọ inú òkun lọ.
Ibi tí yóò tán sí, omi lọ́tùn-ún, omi lósì,
Rafíátù kò ní rí ṣóńṣó rẹ̀ dì mú.

Wákàtí mọ́kànlá ńkọ́?
Mo mọ wákàtí mọ́kànlá dáadáa.
Bùbá méjì ni, àti ṣòkòtò kan tí kò tíì ní okùn.
Ṣé ohun tí ọmọ mi fi kọjá òkun nìyẹn?
Kí n tó ṣẹ́tí ṣòkòtò, ó ti balẹ̀ sínú yìnyín?

Ẹ má jẹ́ ká purọ́ fún ara wa.
Fóònù kò ka ọdún mẹ́ta tí a fi wá físà,
ìwé ìbí tí wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ sí,
tí a sanwó tún un ṣe, tí wọ́n sì tún ṣì í kọ.
Kò ka ilẹ̀ méjì tí mo tà lọ́nà Ilíkímu.
Kò ka táyà tó bẹ́ ní Ìpòbẹ́ lóru,
tí ìyá rẹ̀ fi jókòó lórí àpótí aṣọ
tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.
Kò ka òru kan gbáko lórí àga irin ní Kasabúláńkà.

Nígbà tó máa pè, mo ti kírun àìlà.
Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí.
Mo kí i kú ọ̀sán, ó kí mi kú àárọ̀,
a sì jọ ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan wa kò ṣi ìkíni.

Ó ní kí n rán aṣọ ọdún sí òun.
"Ìwọ̀n mi ṣì wà nínú ìwé yín. Ẹ lò ó."
Mo ṣí ìwé. Ojú ewé rẹ̀ nìyí, tàdáwà ti ń ṣá:
èjìká mẹ́rìndínlógójì,
ìdí àádọ́rùn-ún ó dín méjì,
àti eruku ṣọ́ọ̀kì níbi tó fọwọ́ tẹ̀ nígbà tó ń yọjú wò ó.
Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mo wọ̀n.
Ta ló mọ̀ bóyá oúnjẹ ibẹ̀ ti mú un sanra,
tàbí òtútù ti mú un rù?
Àwòrán fóònù kì í dé ìdí.

Mo gé aṣọ náà lálẹ́ àná.
Ìbú ìka mẹ́ta ni mo fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán kọ̀ọ̀kan.
Yésúfù ní ó pọ̀ jù, pé mò ń fi aṣọ ṣòfò.
Ọmọdé ni.
Ó rò pé a ti wọn ọ̀nà náà tán.